Sídì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ránṣẹ́ Láti Kùmásí

Ohùn tí ẹ̀rọ sídì ilé wa máa ń ṣe bí kò bá rí nǹkan kà kò tíì kúrò létí mi. Á kọ́kọ́ dún sììì, bí ẹni tó ń fa ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu, á wá máa ṣe kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, bí eku tó há sínú agolo. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan á sì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n pé òun kò rí sídì kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yọ sídì náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá a padà, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni ẹ̀rọ sọ ohun kan ṣoṣo fún wa. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú fìlà àti agbádá tó wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kò bọ́ wọn, nítorí ó ti ní ìmúra yẹn lòun fẹ́ fi wo ohun tí ọmọ òun fi ránṣẹ́ sí òun.

Kò sí ẹni tó mọ bàbá mi ní Ìlọ́bù nígbà náà tí kò mọ̀ pé kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Gánà. Kùmásí ni wọ́n ti bí i. Ibẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí nígbà tó kù díẹ̀ kí bàbá mi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé wọn ní ọdún 1969, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Òun àti bàbá rẹ̀ di ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n rí dì, wọ́n sì padà sí Ìlọ́bù, ìlú baba tí òun fúnra rẹ̀ kò fojú kàn rí. Ìyá mi ló sọ fún mi pé kì í ṣe ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń dun bàbá mi, kì í sì í ṣe ọjà. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò ráyè lọ dágbére fún ìyá rẹ̀ ní ibojì kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó ṣí ìsọ̀ kan tó ti ń ta ọkọ́, àdá àti korobá, ó fẹ́ ìyá mi láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, wọ́n bí wa, ó sì fi òfin kan lélẹ̀ nínú ilé: ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ Gánà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wọn, ló rú òfin náà. Ó ní òun rí iṣẹ́ ní Kùmásí, ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ya fọ́tò àti fídíò. Bàbá mi ní bó bá lọ, kó má padà wá. Ó lọ. Ọdún méjì gbáko ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ní í yọ ọfà lápó, àmọ́ nínú ilé tiwa, kò yọ obì, kò yọ ọfà, nítorí pé ọ̀rọ̀ gan-an ni kò sí. Ìyá mi nìkan ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ẹ̀yìnkùlé, nígbà tó sì yá, nọ́ńbà tó fi ń pè kò lọ mọ́.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn tí ìyá oníṣòwò kan láti Ẹ̀rìn, tó máa ń lọ ra aṣọ ní Kùmásí, fi gbé sídì náà wá fún wa. Inú àpò ìwé funfun ló wà, wọ́n fi bírò kọ "Bàbá" sára rẹ̀, kò sì sí lẹ́tà pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó kí i kú ọjà, kú àìsinmi, kú ojú lọ́nà ọmọ, kó tó wá jíṣẹ́.

"Ọmọ yín ní fúnra òun lòun bọ́ọ̀nù ẹ̀ nílé," ó ní. Bọ́ọ̀nù ni a máa ń pè é bí èèyàn bá fi kọ̀ǹpútà kọ nǹkan sórí sídì. "Ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wò ó tán kí ẹ tó bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo máa lò nílé kí n tó padà. Ó ní bí mi ò bá mú èsì kankan bọ̀, òun á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn."

 Bàbá mi ní kí wọ́n fún obìnrin náà lómi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wa sì mọ̀ pé ìjókòó yẹn kò rọrùn fún un. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin tí ẹ̀rọ ti kọ̀, ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó tẹ̀ ẹ́ lé orúnkún.

"Àwo òfìfo ló gbé ránṣẹ́ sí mi," ó ní. Ó dìde, ó sì gba ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu mi pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi, pé mo mọ kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ń dúró de ìdánwò tí mo máa fi wọ yunifásítì. Ohun tí mo pè ní mímọ kọ̀ǹpútà kò ju pé ẹyọ kan wà nílé ẹ̀kọ́ wa, tí àwa ogójì máa ń pé jọ yí i ká, tí ẹni tó bá wà lẹ́yìn á máa wo ìpàkọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ká sọ pé ìpàkọ́ ni wọ́n fi ṣe ìdánwò fún mi ni, mi ò bá gba ipò kìíní. Ọ̀rẹ́ mi kan ti sọ fún mi rí pé ọṣẹ ìfọyín máa ń tún sídì ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ sójú sídì náà, mo sì fi etí ìró pa á yípo yípo bí ẹni tó ń fọ ìdí ìkòkò. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ń rùn bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin eyín, ojú rẹ̀ tó ti ń dán tẹ́lẹ̀ sì ti kún fún ìlà wẹ́wẹ́. Mo dá a padà sínú ẹ̀rọ. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ó tún dákẹ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní kọ̀ǹpútà ní Ìlọ́bù, àmọ́ ibi tí wọ́n ń ki sídì bọ̀ lára kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ti há, kò ṣí mọ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ ki sídì náà bọ̀ ọ́, ó sì ṣí i. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi: orúkọ fáìlì mẹ́rin tò sójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ń jẹ́ "Ilé", ìkejì ń jẹ́ "Ọ̀rẹ́ Bàbá", ìkẹta ń jẹ́ "Ọ̀rọ̀ mi", ìkẹrin sì ń jẹ́ "Màmá". Ó tẹ èyí tó wà lókè, kọ̀ǹpútà sọ pé òun kò mọ irú fáìlì yẹn. Ó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, ohun kan náà ni.

"Ó ti bàjẹ́," ó ní, ó sì yọ ọ́ fún mi. "Ẹ ò rí bí ojú ẹ̀ ṣe rí ni? Ẹ wá ra fíìmù tuntun."

Mi ò sọ ẹni tó ba ojú rẹ̀ jẹ́ fún un. Mo padà sílé, mo sọ fún bàbá mi pé kì í ṣe àwo òfìfo o, pé nǹkan mẹ́rin wà nínú rẹ̀, mo sì ka orúkọ wọn fún un. Nígbà tí mo dé orí "Màmá", ó gbé àdá tó ń nù lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí mi ò bá rí sídì yẹn ṣí, èmi ni mo ba nǹkan jẹ́ láàárín bàbá àti ọmọ, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ìyá oníṣòwò padà lọ nígbà tí ìyá mi rántí obìnrin kan ní Ìfọ́n. Ó ní obìnrin náà ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà kan nítòsí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, pé obìnrin yìí ló bá ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Ẹ̀rìn tẹ ìwé wọn, wọ́n sì ń yìn ín pé ó ní sùúrù.

"Ìfọ́n kẹ̀?" ni bàbá mi wí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n ti wà kí wọ́n tó bí mi. Nígbà mìíràn á rọlẹ̀, èèyàn á máa lọ, á máa bọ̀, wọ́n á máa fẹ́ra wọn, wọ́n á máa tajà fúnra wọn. Nígbà mìíràn á tún gbóná, kálukú á sì fà sẹ́yìn. Àsìkò tí mò ń sọ yìí, ó gbóná. Kò sí ẹni tó sọ pé ká má lọ, kò sì sí ẹni tó ń lọ.

Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó dúró títí bàbá mi fi lọ sí ìsọ̀, ó wá pè mí, ó tún gèlè mi wé fún mi bíi pé ọmọ kékeré ni mí. "Lọ," ó ní. "Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè nílé, èmi ni mo rán ọ."

Ọlọ́kadà tó gbé mi ní òun kò kọjá ibi tí ilé Ìlọ́bù tán sí. Mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo ti pinnu lọ́nà pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ọmọ Ẹ̀rìn ni mí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, mo ṣáà ní ìyá níbẹ̀.

Obìnrin náà kò tíì tó ogójì ọdún. Ọmọ ọwọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tẹ̀wé, ó sì ń mi ara jẹ́ẹ́jẹ́ kí ọmọ lè sùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́ mà." Ó ní kí n dìde. Ó bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo sì dáhùn kíá pé Ẹ̀rìn ni. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "O káàbọ̀, ọmọ Ẹ̀rìn."

Ó gba sídì náà, ó gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Ta ló fọ eyín fún un?" ó bi mí.

Ojú tì mí débi pé mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó fi omi mímọ́ ṣàn án, ó mú aṣọ múlọ́múlọ́ kan, ó sì fi hàn mí bí wọ́n ti ń nù ún: láti àárín bọ̀ sí etí, lọ́gbọọgba, kì í ṣe yípo. Lẹ́yìn náà ó dìde lórí àga tó wà níwájú kọ̀ǹpútà.

"Jókòó síbẹ̀," ó ní. "Ìwọ lo máa ṣí i."

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun kò bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo jókòó, ó dúró lẹ́yìn mi, kò sì fi ọwọ́ kan ohunkóhun láti ìgbà náà. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló fi ń darí mi. Mo tẹ ibi tó ní kí n tẹ̀, ẹnu kọ̀ǹpútà yọ síta, mo gbé sídì lé e, mo tì í wọlé. Ó dún sììì. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, orúkọ mẹ́rin náà ti tò síbẹ̀.

"Má tíì tẹ ìkankan," ó ní. "Sídì tó ti rí ìyà báyìí, a kì í fi eré dá a dúró lọ́nà. Kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ná. Bó bá wá kọṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ti bá wa dé ilé."

Mẹ́ta wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. "Màmá" ni kò fẹ́ wọlé. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ibi tó kù díẹ̀, ó dúró. Obìnrin náà ní kí n yọ sídì náà, kí n tún un nù, kí n tún gbìyànjú. Ó tún dúró síbi kan náà. Iná ìjọba lọ. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó ní kí n gbìyànjú kọ̀ǹpútà kejì tó wà ní kọ̀rọ̀, èyí tó ti dàgbà, tí ìrìn rẹ̀ kò yá. "Arúgbó máa ń fara balẹ̀ kàwé ju ọmọdé lọ," ó ní. Lóòótọ́, arúgbó náà ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń fà á, títí ó fi gbé e wọlé tán. N kò mọ̀ pé mo ti ń ṣe "Yá Allah, Yá Allah" lábẹ́ ẹnu àfìgbà tí ó ní, "Àmín."

Ó wá ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rọ ilé wa fi kọ̀ ọ́. "Sídì tí ẹ máa ń rà lọ́jà, oúnjẹ tí wọ́n ti bù sáwo ni. Ẹ̀rọ ilé yín, jíjẹ nìkan ló mọ̀. Èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe yìí ṣì wà nínú ìkòkò, ó ń dúró de ẹni tó máa bù ú." Kọ̀ǹpútà ará Òṣogbo pàápàá kò ní irú ṣíbí tó lè bù ú ni, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Irú ṣíbí yẹn wà lọ́dọ̀ obìnrin náà. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí "Màmá", kí n yan ohun tí a máa fi ṣí i, ó sì tọ́ka sí ọ̀kan pé, "Ìyẹn."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yọ. Ó ti rù díẹ̀, ó ti dá irùngbọ̀n sí, ó dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò kan, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro sì wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ní Ìlọ́bù, ẹ kú àtijọ́ o. Bàbá, mo rí Màmá."

"Dá a dúró," ni obìnrin náà wí.

Mo tẹ ibi tó ń dá a dúró. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ "Ìlọ́bù". Mo rò pé ohun tó bí i nínú nìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò mẹ́nu bà á. Ó kàn ní, "Ẹni tó ni í kò tíì wò ó. Kò yẹ kí ojú tiwa ṣáájú tirẹ̀."

Gbogbo ọ̀sán yẹn la fi bu oúnjẹ náà sáwo. Kọ̀ǹpútà ń yí fáìlì padà sí irú èyí tí ẹ̀rọ ilé wa lè kà, ó ń lọ bí ìgbín, èmi ń gbé ọmọ rẹ̀ jó kiri ìsọ̀. Nígbà tó tó àkókò, ó fún mi ní sídì tuntun kan, ó ní kí n bọ́ọ̀nù ẹ̀ fúnra mi, ó sì ní kí n kọ "Bàbá" sára rẹ̀ bó ṣe wà lára ti àkọ́kọ́.

Bàbá mi kò bi mí léèrè ibi tí mo ti ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó jókòó. Ẹ̀rọ dún sììì, kò sì ṣe kẹ́rẹ́ kankan. "Ilé" ló kọ́kọ́ yọ: ilé olórùlé páánù kan ní Sóńgò, àdúgbò àwọn àjèjì ní Kùmásí, ojú ọ̀nà tóóró, kànga kan tí wọ́n ti dí. Lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ ohùn bàbá arúgbó kan tó ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ahọ́n Gánà, tó ń fi orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá mi ní kékeré pè é, tó ń bi í pé ṣé ó rántí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá fọ́ fèrèsé alágbẹ̀dẹ. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀rín yẹn ṣàjèjì sí mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ló mọ ibi tí ibojì náà wà, òun ló mú ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀. Nínú "Ọ̀rọ̀ mi", ẹ̀gbọ́n mi tọrọ àforíjì. Ó ní nítorí ibojì náà gan-an lòun ṣe lọ sí Gánà, iṣẹ́ fọ́tò kàn jẹ́ àwáwí, pé ẹ̀rù ló ba òun láti sọ ọ́, bóyá òun ò ní rí i.

Nígbà tó kan "Màmá", bàbá mi kúrò lórí àga, ó bọ́ sórí ẹní. Ó rí igi dóńgóyárò náà, ó rí òkúta méjì tí wọ́n fi ṣe àmì sí orí àti ẹsẹ̀, ó rí àkọ́bí rẹ̀ àti àlùfáà kan tí wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Òun náà gbé tirẹ̀ sókè, ó ń ka Fátíà tẹ̀ lé wọn, ó ń ṣe àmín nígbà tí wọ́n bá ṣe é, bíi pé ó wà láàárín wọn. Ìyá mi ti fi ìborùn bo ojú. Lẹ́yìn tó tán, bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú.

"Igi yẹn ò ga tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà," bàbá mi wí. Ó yíjú sí mi. "Ta ló ṣí i?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó mi orí. Lọ́la rẹ̀, ó wọ aṣọ ìmúra, ó mú ọkọ́ tuntun kan nínú ọjà rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ sí Ìfọ́n. Ìyá mi ní kí ló fẹ́ kí oníkọ̀ǹpútà fi ọkọ́ ṣe. Ó ní ohun tí òun ní nìyẹn.

Bó ti dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ náà, ó ṣí fìlà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú bàbá mi, síbẹ̀ "ẹ" ni bàbá mi ń fi bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ dìde, ìyá wa," ó ní. "Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹ bá mi rí ìyá mi. Olúwa á jẹ́ kí àwọn ọmọ yín rí yín."

Ibẹ̀ náà ló ti fún ẹ̀gbọ́n mi lésì. Obìnrin náà fún un ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, ó sì gbé e dání bí ẹni gbé ẹyin. Ó wú ikọ́. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi, ó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kí àlùfáà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti wò ó tán. Mi ò bínú. Wálé kí n fọwọ́ lé ọ lórí." Èmi ni mo bọ́ọ̀nù ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìyá oníṣòwò gbé e lọ.

Ọdún yẹn, ìdánwò yunifásítì kò gbè mí. Kàkà kí n jókòó sílé, mo bẹ bàbá mi, ó sì fà mí lé obìnrin náà lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́. Ọdún méjì ni mo fi ń lọ, tí mò ń bọ̀ láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n. Nígbà tí ọ̀nà bá gbóná jù, mà á gba Òṣogbo yí ká. Àǹtí ni mò ń pè é títí dòní. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin tuntun kan wá kọ́ṣẹ́, mo sì ń ròyìn fún un bí Àǹtí ṣe gbọ́n tó, bó ṣe kọ̀ láti fọwọ́ kan sídì wa nítorí pé ó fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ́ iṣẹ́. Àǹtí gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ tó fi ń tẹ̀wé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kọ́ ọ ní nǹkan?" ó ní. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé ọmọ Ìlọ́bù ni ọ́. Báàgì ilé ẹ̀kọ́ rẹ lo gbé kọ́ apá, orúkọ ìlú yín sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Mo wo sídì yẹn, mo rí i pé ó lè má ṣí mọ́ láé. Mo wá rò ó pé bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní ará Ìfọ́n ló mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Mo ní kó kúkú jẹ́ ọwọ́ rẹ ló máa wà."

 Èmi tí mo ti ń pe ara mi ní ọmọ Ẹ̀rìn, tí mo gbé Ìlọ́bù kọ́ èjìká.

Ọdún Iléyá tó tẹ̀ lé ìgbà tí bàbá mi fi èsì ránṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi wálé. Ó dọ̀bálẹ̀ ní iwájú ìsọ̀, láàárín ọkọ́ àti korobá, bàbá mi sì gbé ọwọ́ lé e lórí títí ó fi pẹ́. Kò sí ẹni tó tún mẹ́nu ba òfin. Nígbà tó ń padà, bàbá mi bá a lọ. Mo wà ní ìsọ̀ Àǹtí lọ́jọ́ tí Bàbá pè mí láti Kùmásí. Mò ń gbọ́ afẹ́fẹ́ àti ohùn àwọn èèyàn lọ́ọ̀ọ́kán.

"Mo ti débẹ̀," ó ní.

"Ṣé ẹ rí i, Bàbá?"

"Mo rí i. Mo ti kí i. Mo sọ fún un pé mo bímọ. Mo dárúkọ yín fún un lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bàbá mi ti darúgbó báyìí, ara rẹ̀ sì le níwọ̀nba. Èmi náà ti ní ìsọ̀ tèmi ní Ìlọ́bù. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà lóde òní kò ní ojú sídì mọ́, àmọ́ mo tọ́jú ògbólógbòó kan nítorí àwọn tó ṣì ní ohùn òkú wọn, tàbí ìgbéyàwó wọn, lórí sídì tí ẹnì kan bọ́ọ̀nù nílé. Bí mo bá jókòó nígbà mìíràn tí mo ro ibi tí ọ̀rọ̀ wa ì bá já sí, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá oníṣòwò tó jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi tó ní òun ló rán mi. Àmọ́ Àǹtí ni ọpẹ́ mi kì í tán lórí rẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, mo rò pé ẹni tó bá máa ṣe oore gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tó mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n Àǹtí mọ ibi tí mo ti wá, ẹ̀rù mi bà á, ó sì ní kí n jókòó.